Kí ni “yàn” tí wọ́n ní kéèyàn lọ̀ títí yóò fi lu?

Ẹnì kan bi mí nípa òwe àwọn ará Ṣáínà tó ní kéèyàn “lọ yàn onírin títí yóò fi lu”. Kí ni yàn? Ṣé abọ́ ni àbí òkúta?

Ọlọ tàdáwà ni. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan láyé ìjọba Han tilẹ̀ sọ pé láti ara “lílọ̀” ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá ṣe ilé kéú mọ tàdáwà olómi. Tiwọn, gbígbẹ ni: dúdú èéfín tí wọ́n fi omi awọ ẹran sísè pò. Hóró wẹ́wẹ́ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì ṣeé dì mú, ìdí nìyẹn tí yàn àtijọ́ fi ní ọmọ ọlọ bíi ti ọlọ ata wa. Èyí tí wọ́n hú nínú sàréè kan ní Shuihudi, ní Hubei, ní 1975, tòun tọmọ ọlọ rẹ̀ ni, ó sì ti lé ní 2,200 ọdún. Nígbà tí wọ́n wá ń mọ tàdáwà bí ọ̀pá kékeré, tàdáwà fúnra rẹ̀ di ọmọ ọlọ. Wọ́n á ta omi díẹ̀ sórí òkúta, wọ́n á máa fi yí i po pẹ̀lẹ́, èyí tó bá kúnná á ṣàn sínú kòtò létí rẹ̀.

Òkúta Duan, láti Zhaoqing ní Guangdong, ló lókìkí jù. Láti ìgbà ìjọba Tang (618–907) ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Bí òkúta bá dán jù, tàdáwà á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá sì rí ṣákaṣàka, á jẹ irun búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Bao Zheng ṣe alákòóso níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkànlá, ìtàn sì sọ pé nígbà tó ń lọ, kò mú ẹyọ yàn kan dání. Ẹ̀rí ọwọ́ mímọ́ nìyẹn lójú wọn.

Ti òwe yẹn wá ńkọ́? Sang Weihan, tó kú ní 947, ló ni ín. Orúkọ ìdílé rẹ̀ dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, olùdánwò tó ń dán àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba wò sì kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Wọ́n ní kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ló bá ní kí wọ́n rọ yàn onírin fóun, ó ń fi han àwọn èèyàn: ọjọ́ tí èyí bá lu ni òun ó yípadà. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ìwé kíkà báyìí ni wọ́n ń pa á fún.

Irin náà kò tíì lu tó fi yege.