Owó oṣù àti owó PP: ibi tí ₦800,000 ti ń tan èèyàn jẹ

Ìbéèrè yín ni pé ₦250,000 lẹ̀ ń gbà lóṣù ní Marina, ẹ sì ń ya fọ́tò òde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé gẹ́gẹ́ bíi PP, ìyẹn iṣẹ́ àdáni lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ oṣù. Èrè fọ́tò náà kò tó ₦800,000 lọ́dún, òfin tuntun sì ní ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Ṣé LIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣì ní ohun tí wọ́n máa bi yín?

Wọ́n ní i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦800,000 yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ yín ti lò ó tán nínú PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín lóṣooṣù. Ibi tí owó oṣù bá parí sí ni èrè PP ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ṣírò rẹ̀. (Owó tó wọlé ní 2025, òfin àtijọ́ ló ni ín.) Owó oṣù ọdún kan jẹ́ ₦3,000,000. Ká ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yọ pẹ́ńṣọ̀n 8% lára rẹ̀: ₦240,000 jáde. Ká ní ₦600,000 lẹ fi gba ilé ní Mushin: 20% rẹ̀, ₦120,000, tún jáde. Owó ilé nìkan o, owó ájẹ́ńtì àti agreement kò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa yọ kò lè kọjá ₦500,000. Ó ku ₦2,640,000. Ẹ mú ₦800,000 kúrò, 15% ₦1,840,000 tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦276,000. PAYE nìyẹn.

Ó wá kan fọ́tò. ₦1,000,000 wọlé, ìnáwó jẹ́ ₦360,000, èrè jẹ́ ₦640,000. Ìpele 15% parí ní ₦3,000,000, owó oṣù sì ti dé ₦2,640,000 níbẹ̀, nítorí náà ₦360,000 nínú èrè yìí ló máa kún un: ₦54,000. ₦280,000 yòókù ti bọ́ sí 18%: ₦50,400. Àpapọ̀ ₦104,400 lẹ máa fọwọ́ ara yín san. Ẹni tó bá ti na gbogbo owó fọ́tò kó tó di oṣù kẹta ló máa ń yá owó san án, nítorí náà ẹ máa ya 18% èrè sọ́tọ̀ bó ṣe ń wọlé.

Ìnáwó tí ẹ lè yọ ni èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ náà gan-an. Owó danfo láti ilé dé Marina kò wọ̀ ọ́, ti òde ìyàwó ní Ìkòròdú wọ̀ ọ́. Owó títẹ fọ́tò wọ̀ ọ́, owó ọmọṣẹ́ tó gbé iná lọ́wọ́ náà wọ̀ ọ́, bó bá ní rìsíìtì tàbí ẹ̀rí tiransífà. Kámẹ́rà ńkọ́? Dúkìá iṣẹ́ ni, kò lè wọ ìnáwó ọdún kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń yọ ọ́.

Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún PP. Àkáǹtì tí owó àjọ, owó àbúrò àti owó oníbàárà jọ ń wọ̀ máa ń fa wàhálà, torí gbogbo álàátì ló máa dà bí ọjà. Owó àjọ tí ẹ kó kì í ṣe èrè, owó ara yín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn.

Orí eTax, ìkànnì LIRS, lẹ ti máa kọ Form A, fọ́ọ̀mù owó orí ọdọọdún, ó pẹ́ tán ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó oṣù àti PP ló máa wọ inú fọ́ọ̀mù kan náà, PAYE tí wọ́n ti yọ á sì jáde níbẹ̀. Ìtanràn àìkọ ọ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó orí náà fúnra rẹ̀! Tó bá jẹ́ pé Ìbàfò tàbí Mówé lẹ̀ ń gbé, ìjọba Ògùn ló ni owó orí yín, bí ọ́fíìsì tilẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá Payer ID (nọ́ńbà tí LIRS fi ń dá asanwó orí mọ̀) kan ṣoṣo lẹ ní. Ilé iṣẹ́ lè ti ṣí ọ̀kan fún yín láìsọ. Bí ẹ bá tún ṣí òmíràn, PAYE á wà lórí ọ̀kan, gbèsè á wà lórí èkejì. Ẹ ní kí LIRS pa wọ́n pọ̀. Ẹ má fi owó lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Nọ́ńbà bíìlì tó jáde lórí eTax lẹ máa fi san.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló gbé yín níṣẹ́, wọ́n lè yọ WHT, owó orí tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ń yọ sílẹ̀ fún ìjọba, kí wọ́n tó sanwó. Iye tó wà lórí invoice ni kẹ́ ẹ kọ sínú Form A, kì í ṣe iye tó wọ àkáǹtì, kẹ́ ẹ sì gba credit note, ìwé ẹ̀rí WHT tí wọ́n yọ, lọ́wọ́ wọn. Òun ló máa dín ₦104,400 yẹn kù. Ẹ tètè bèèrè rẹ̀ o, torí tó bá fi di oṣù kẹta ọdún kejì, akọ̀wé owó tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà lè ti kúrò níbẹ̀.