Mítíìnì Obìnrin: Kí Là Ń Mú Bọ̀ Níbẹ̀ Gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin kan, ẹ̀tọ́ obìnrin là ń jà fún, ká sì rí obìnrin dé ipò òṣèlú. Ọdún kẹta rèé tá a ti ń ṣe mítíìnì lóṣooṣù, a ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, a ó ya fọ́tò, kálukú á gbalé ẹ̀ lọ. Ọkọ mi wá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí lẹ mú bọ̀, mi ò rí nǹkan sọ. Ìjà tó tún wà nílẹ̀ báyìí ni pé àwọn kan nínú wa ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní feminist, ìyẹn ẹni tó ń jà pé kí ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, wọ́n láwọn á kúrò lẹ́gbẹ́. Ṣé ká jẹ́ kí wọ́n máa lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ o! Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn gan-an ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín.

Ní Ísílàǹdì lọ́dún 1975, obìnrin 3 péré ló wà nínú ọmọ ilé aṣòfin 60. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìbọ̀sẹ̀ Pupa ní kí gbogbo obìnrin yan iṣẹ́ lódì. Àwọn tó kù ní rárá o, ìyẹn ti le jù. Ni wọ́n bá fi ọgbọ́n yí i, wọ́n ní ó dáa, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì mọ́, a kàn fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ kan ni. Ẹ gbọ́, nǹkan kan náà kọ́? Àmọ́ àwọn tó ń sá tẹ́lẹ̀ gbà, ó sì ṣòro fún ọ̀gá iṣẹ́ láti lé ẹni tó kàn lóun fẹ́ sinmi.

Nígbà tó di October 24, nínú obìnrin 10, 9 ò ṣiṣẹ́, wọn ò lọ síbi iṣẹ́, wọn ò dáná, wọn ò tọ́jú ọmọ. Nǹkan bí èèyàn 25,000 ló kóra jọ sí Reykjavik, olú ìlú wọn, lórílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 220,000 lọ nígbà yẹn. Àwọn bàbá kó ọmọ dání lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti bébà kí wọ́n lè rí nǹkan fi dá wọn lẹ́kun, sọ́séèjì tán ní ṣọ́ọ̀bù torí òun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sè, bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn lórí rédíò lẹ ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin dídọ́gba ọkùnrin àti obìnrin jáde. Ní 1980, Vigdís Finnbogadóttir tóun náà wà láàárín èrò lọ́jọ́ yẹn di ààrẹ, òun lobìnrin àkọ́kọ́ láyé tí ará ìlú dìbò yàn sípò ààrẹ.

Nítorí náà ẹni tó bá wù kó pe ara ẹ̀ ní feminist, ẹni tí ò wù kó dákẹ́, kó ṣá ti wá. (Èmi gbà kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ o.)

Ní ti ọkọ yín, ẹ má bínú, àmọ́ ìbéèrè ẹ̀ nítumọ̀. Ní July 1848, ìdí tíì ni obìnrin márùn-ún jókòó sí ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó dìde wọ́n ti kọ ìkéde mítíìnì ẹ̀tọ́ obìnrin fún ìwé ìròyìn, wọ́n ti mú ọjọ́, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí nǹkan bí 300 èèyàn fi pé sílùú Seneca Falls. Elizabeth Cady Stanton, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin gbọ́dọ̀ lè dìbò, ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pàápàá pé wọ́n á fi àwọn ṣẹ̀sín, díẹ̀ ló kù kó má wọlé. 1920 ni òfin ẹ̀ tó dé! Ẹyọ kan péré, Charlotte Woodward, ló ṣì wà láyé nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé ọdún 1848 yẹn, àìsàn ò sì jẹ́ kó lè lọ dìbò. Ọdún mẹ́ta tiyín ò tíì pọ̀, àmọ́ ìwé tiwọn wà nílẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn rí i dì mú. Tiyín ńkọ́? Lóṣù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ kọ ipò tẹ́ ẹ fẹ́ du, ẹni tó máa du ú, àtẹni tó máa sanwó fọ́ọ̀mù.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin ni mí, ọmọ mi obìnrin wà nírú ẹgbẹ́ báyìí. Ṣé mo lè bá a lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá a lọ, bàbá. Nínú 100 tó fọwọ́ síwèé ní Seneca Falls, ọkùnrin jẹ́ 32. Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú, ló dìde gbèjà ọ̀rọ̀ ìbò yẹn. Àmọ́ ọjọ́ kejì mítíìnì nìyẹn o, torí obìnrin nìkan ló ni ọjọ́ kìíní, wọ́n ní kí ọkùnrin tó bá wọlé panu mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ panu mọ́ lọ́jọ́ kìíní, bẹ́ ẹ bá sì rí ọmọ tí ò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ gbọ́rọ̀, ẹ gbà á gbé jáde.