Kòkòrò àìfojúrí ti ń bá yín rẹ aró tipẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Aláró ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà kan ní kí n wá bá àwọn àti àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe àfihàn lórí ohun tí wọ́n ń pè ní synthetic biology. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Wọ́n ní kòkòrò ti lè ṣe aró báyìí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò léwu? Níbo ni kí irú mi ti bẹ̀rẹ̀, kí n má lọ jókòó sáàárín wọn bí odi?

ÌDÁHÙN: Màmá, òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti gún ewé èlú, ẹ ṣù ú, ó ti gbẹ. Omi eérú ti kán tán láti inú àjẹrẹ. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò, ẹ dé e. Bí ẹ bá ti aṣọ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò ní mú. Ó di ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ ní ó ti tó. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn? Àwọn bakitéríà tí ojú wa ò ká ló ń jẹun nínú ìkòkò náà. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán; àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tó lè yọ́, kó lè wọnú òwú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé, tí ẹ bá sì nà án sórí okùn, tí atẹ́gùn kàn án, á máa di aró lójú yín. Ẹni tó ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú náà mọ irú iṣẹ́ yìí: kòkòrò ló ń mú ẹ̀gẹ́ rírin kan nínú àpò kó tó dé orí agbada.

Nínú ìkòkò yín, bí kòkòrò ṣe wà ni ẹ ṣe ń lò ó. Àwọn oní-synthetic biology ń kọ iṣẹ́ tuntun fún un ni. Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní àkọsílẹ̀ nínú ara tó ń sọ ohun tí yóò ṣe. DNA ni wọ́n ń pè é. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25. Ti DNA kò ju mẹ́rin lọ: A, C, G àti T. Ẹ mú a tó kẹ́yìn igbá kúrò, ẹ fi o síbẹ̀, ó di igbó. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ti DNA náà nìyẹn, tàbí kí wọ́n gbé odidi gbólóhùn láti ara ohun abẹ̀mí kan sí òmíràn.

Ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù, ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn alátọ̀gbẹ. Nígbà kan, ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni ínsúlínì, oògùn tí wọ́n ń gún sára, ti ń wá. Lọ́dún 1978, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ínsúlínì ti èèyàn sínú bakitéríà tó ń jẹ́ E. coli, ó sì ṣe é. Nígbà tó di 1982, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí aláìsàn máa lò ó.

Ti aró wá dé ní 1983, ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ mi gan-an. Ẹ mọ káńfọ̀ funfun tí à ń sọ sáàárín aṣọ? Bakitéríà kan wà tó lè jẹ èròjà tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n ìjẹ-káńfọ̀ yẹn sínú E. coli, ni àwo tí wọ́n ti ń sìn ín bá ń di aró. Aró kan náà tó wà nínú èlú yín ni.

Ṣé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín? Ẹni tó kọ́kọ́ du iṣẹ́ náà mọ́ aláró lọ́wọ́ ti pẹ́: láti 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Títí di òní, èròjà tó ń wá láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú aró jíǹsì. Ní tèmi, bí kòkòrò bá lè gbapò epo rọ̀bì, inú mi á dùn.

Ẹ má rò pé gbogbo iṣẹ́ ọnà oníkòkòrò ló ní àtúnkọ nínú. Natsai Audrey Chieza, ọmọ Zimbabwe tó ń ṣiṣẹ́ ní London, ń fi bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Streptomyces coelicolor, pa aṣọ sílíìkì láró. Bí kòkòrò náà ṣe wà ló ṣe ń lò ó. Ọ̀nà tiyín gan-an nìyẹn.

Ní ti ewu, ẹ ò ṣèèṣì béèrè. E. coli tí wọ́n sábà ń lò ní láàbù kì í lágbára tó láti gbé ìta pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dà sí gọ́tà. Òfin ọdún 2015 ló dá NBMA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lórí irú nǹkan báyìí, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo ohun abẹ̀mí tí wọ́n tún DNA rẹ̀ kọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn ọ̀dọ́ yẹn bá ní kí ẹ gbé irú rẹ̀ lọ sílé, ẹ kọ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fojú ara yín rí DNA. Ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n kan pẹ̀lú omi díẹ̀, iyọ̀ ìwọ̀nba àti ọṣẹ olómi díẹ̀. Ẹ rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má hó. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife. Ẹ ti fi sípírítì láti kẹ́míìsì sínú fìrísà tẹ́lẹ̀. Ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ife kó lè léfòó. Ẹ má jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mu ún. Láìpẹ́, ohun funfun kan bí òwú á gbéra láàárín méjèèjì. Ẹ fi igi ìgbálẹ̀ lọ́ ọ jáde. DNA ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ bu aró tó ti tó láti inú ìkòkò yín sínú ìgò, kí ẹ ní kí wọ́n kán díẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù, kí ẹ̀yin náà sì wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń fi imú mọ̀ pé ó ti tó.