Heathrow sí Los Angeles: kí ló dé tí wákàtí ò bá kìlómítà mu?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní 8,780 kìlómítà ni wọ́n kọ fún yín láti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé Los Angeles, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé bàálù á gbéra ní 15:00, á sì balẹ̀ ní 18:05 lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe wákàtí mẹ́ta o, wákàtí mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ kọ́kọ́ sọ aago méjèèjì di UTC, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń wọn àkókò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, Los Angeles sì fi méje rẹ̀yìn. 15:00 di 14:00, 18:05 di 01:05 ọjọ́ kejì. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, ó parí. Oṣù Kẹta ló máa ń da èèyàn rú: Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á dúró di Àìkú tó kẹ́yìn. Láàárín ìgbà yẹn, wákàtí méje ni ìyàtọ̀ wọn, kì í ṣe mẹ́jọ.

Ti kìlómítà ńkọ́? 8,780 ni ọ̀nà tó kúrú jù lórí ayé tó rí roboto. Ẹ na òwú lórí glóòbù láti ìlú kan dé èkejì, ẹ ó rí i pé Greenland àti àríwá Kánádà ló gbà, kì í ṣe àárín òkun bí máàpù pẹlẹbẹ ṣe ń fi hàn. (Bí ẹ bá rí 5,456 níbòmíràn, máìlì nìyẹn, 4,741 sì ni máìlì ojú omi tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò. Ọ̀nà kan náà ni.) Bàálù kì í tọ ipa òwú yẹn géérégé, torí atẹ́gùn àti ojú ọ̀nà tí wọ́n bá là fún un. Ẹ kà á sí 9,000.

Atẹ́gùn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Eré 900 kìlómítà ní wákàtí kan tí wọ́n máa ń kọ, eré inú afẹ́fẹ́ ni, ìyẹn bí bàálù ṣe ń yára sí láàárín afẹ́fẹ́ tó yí i ká, kì í ṣe bó ṣe ń yára sí lórí ilẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ wá. Tó bá gba 50 lọ́wọ́ bàálù yín, 850 ló kù: 9,000 pín sí 850 jẹ́ wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún yíyí lórí ilẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, nítorí bàálù kì í sá eré tó yẹn nígbà náà. Wákàtí mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú márùn-ún yín dé nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, atẹ́gùn á máa ti bàálù lẹ́yìn, ẹ ó sì rí bíi wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́wàá àbọ̀.

Ojú òfurufú tí wọ́n bá tì tún lè ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Kí Rọ́ṣíà tó ti tirẹ̀ mọ́ àwọn bàálù ilẹ̀ Yúróòpù ní 2022, Helsinki sí Tokyo ò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá lọ. Báyìí ó tó mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ pápákọ̀ méjèèjì ò sún kúrò lójú kan. Nítorí náà, wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi ṣètò bàálù tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má fi ti kìlómítà ṣe é.