Ẹ̀gà Tí Ń Tú Ilé Ara Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Igi àgbọn kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ẹ̀gà ti gbà lọ́wọ́ wa pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí akọ kan tí ó ń fi ẹnu tú ìtẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ hun, tí ó sì ń dà á sílẹ̀ wẹ́wẹ́. Bàbá onílé wa ní ìjà ìyàwó ni. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ bàbá kò jìnnà sí òtítọ́, àmọ́ kò tíì sí ìyàwó nílé tí ẹ̀gà yóò bá jà, wíwá ni ó ń wá a. Akọ, èyí tí orí rẹ̀ dúdú tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ni ń hun ìtẹ́. Yóò fi ẹnu gé etí ewé àgbọn, yóò di ibẹ̀ mú, yóò sì fò lọ, kí ewé náà lè ya gbọọrọ tẹ̀lé e. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń hun jẹ́ òrùka kan; inú òrùka yìí ni ó ń dúró sí, ibi tí ẹnu rẹ̀ bá sì dé ni ògiri ilé ń dé. Alófì kan kò lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun tí ó sì ní ọwọ́ méjì.

Bí ó bá hun ún tán, yóò so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí ó kọjú sílẹ̀, yóò máa ju apá, yóò máa ké. Abo tí ó bá yà wọlé yóò fi ẹnu fa ìhunṣọ náà wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kó koríko múlọ́múlọ́ wọlé. Nicholas àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ìwádìí ẹ̀gà fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé ilé tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ni abo ń fẹ́. Èyí tí ó bá ti gbẹ kò ní oníbàárà mọ́, ni akọ fi ń tú u, kí ó lè hun tuntun síbẹ̀.

Ẹyin 2 tàbí 3 ni abo sábà máa ń yé, ó sì ń sàba lé wọn fún bí ọjọ́ 12. Ẹyin abo kan lè funfun, ti èkejì lè rí bí aró tí a bù omi là, pẹ̀lú àmì tàbí láìsí. Ṣùgbọ́n irú kan náà ni olúkúlùkù ń yé láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, bí ẹyẹ mìíràn bá jí ẹyin tirẹ̀ yé sínú ìtẹ́ rẹ̀, ó lè dá a mọ̀ kí ó sì jù ú síta.

Ní ti àgbọn yín, bí ẹ bá fẹ́ gé imọ̀ tí wọ́n ti bó, ẹ ní sùúrù títí ẹ kò fi ní gbọ́ igbe ọmọ lókè mọ́. Ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ ẹ̀gà tó fò.