Ẹ jẹ́ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín mú ọmọ méjì

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí a ti jáde kì í mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tí wọ́n bá parí. Sẹ́ẹ̀tì wa ti dáwó jọ. A fẹ́ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Èkó wá bá àwọn SS3 sọ̀rọ̀, ká pín ìwé àti bírò fún wọn. Àwọn kan nínú wa ní ìyẹn kò tó. Kí lẹ rí sí i? — A. O., Ìjẹ̀bú-Igbó.

ÌDÁHÙN: A. O., ẹ kú ìnáwó. Àwọn tó ní kò tó yẹn ló sọ òótọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì. Ọmọ á pàtẹ́wọ́, á gba bírò. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ: "Wọ́n ní ká múra síwèé."

SS3 gan-an ti pẹ́ jù. SS1 lọ̀nà ti ń yà. Ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì áàtì, ta ló sọ fún un pé físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì ló máa fi kún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò JAMB?

Nítorí náà, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín mú ọmọ méjì péré láti SS1, kó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi jáde. Ẹ máa rí wọn lóṣooṣù, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí tíṣà mọ̀, kí òbí mọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ "Bọ̀dá ní kí n wá sílé" rárá.

Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ dà. Dókítà ni wọ́n máa pè, torí wọ́n mọ̀ pé inú yín á dùn. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Mo kọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣírò owó gàrí ìyá rẹ̀ lórí, kò ní kọ ọ́ síwèé, kò sì ní ṣì í. Lọ́yà ló ń pariwo kiri. Nígbà tí a jọ jókòó, àkáǹtì ló lọ kà.

Ẹ wo orúkọ wọn lórí NIN, kí ẹ wò ó mọ́ ti ìwé ilé ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ ni JAMB ti ń mú orúkọ. Ẹ sì mú wọn débi iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe apòògùn ní OOU, Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, Ṣàgámù ló ń lọ. Ti ẹnjiníà, Ìbògùn ni. Òbí tí kò mọ̀ á ti lọ gba ilé fọ́mọ sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí olú ọgbà OOU wà!

Ẹ má fi wẹ́dà àti télọ̀ tó wà nínú sẹ́ẹ̀tì yín pamọ́ o. Tai Ṣólàrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ló so mọ́ ìwé fáwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá, ọ̀dọ̀ wẹ́dà yẹn ni kó wà nígbà ọlidé. Tó bá ṣì fẹ́ ìwé, Póli Abraham Adésànyà wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó yín níbẹ̀.

Owó tẹ́ ẹ dá jọ, ẹ tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tí owó WAEC àti fọ́ọ̀mù JAMB bá dé. Ọmọ tí kò bá rí san, ẹ bá a san án. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ san án, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má kà á lé ọmọ lọ́wọ́.