Nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó wà lábẹ́ mánífóòdù MGB: bí mo ṣe ń tú wọn àti bí mo ṣe ń dè wọ́n padà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ ti fi wà lábẹ́ MGB GT yín, ọkọ̀ eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn, pé nọ́ọ̀tì márùn-ún nínú mẹ́fà tó so páìpù sálẹ́ǹsà mọ́ mánífóòdù (irin oníhò tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnì) ti jáde, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó kù, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn tó sì fara ti ẹ́ńjìnì, kò gba sípánà kankan, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú fi ṣísùù là á níbi tó wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì là á. Nọ́ọ̀tì yẹn gan-an ni mo bá jà nígbà tí mo ra GT tèmi, ọkọ̀ ọdún 1972, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, odidi mánífóòdù kan ni mo sì fi ṣòfò, yàtọ̀ sí oṣù kan àbọ̀ tí ọkọ̀ fi wà lórí igi.

Bí wọ́n ṣe to ẹ́ńjìnì náà ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1962 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe MGB ní Abingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1980 tí wọ́n fi dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin yẹn, tó jẹ́ 1798 cc, ẹ̀gbẹ́ òsì kan náà ni ó ti ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tí ó sì ti ń tu èéfín jáde. Kàbúrétọ̀ méjèèjì ló wà lókè, páànù irin tó ń dènà ooru ló tẹ̀ lé wọn, mánífóòdù wà lábẹ́ ìyẹn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì dojú kọ ilẹ̀. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ní sitọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìyẹn ọ̀pá irin kékeré eléyín tí nọ́ọ̀tì ń yí lórí, ara ẹ́ńjìnì sì ti bo àwọn tó wà lápá inú. Ẹ̀yin tí ìtọ́kọ̀ yín wà lápá ọ̀tún tiẹ̀ ní àyè díẹ̀. Àwọn tí tiwọn wà lápá òsì, bíi ti Amẹ́ríkà, ọ̀pá ìtọ́kọ̀ tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó mú nọ́ọ̀tì náà dè kò ju ooru àti omi lọ. Mánífóòdù á gbóná, á wú, á tún tutù, á sún kì. Omi ojú títì, pàápàá nígbà òtútù tí wọ́n bá ti da iyọ̀ sí ọ̀nà, á máa ta sí i lára. Bí irin bá sì dípẹtà, ìpẹtà náà máa ń gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ, nítorí náà ńṣe ni ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ sínú eyín nọ́ọ̀tì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ fi yẹ kó jẹ́ idẹ, torí pé idẹ kì í bá irin dípẹtà pọ̀, bí ohun kan yóò bá sì jẹ, eyín idẹ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, sitọ́ọ̀dù kò sì ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ olówó mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, a kì í mọ ohun tí wọ́n ti fi sí i. Ẹ fi òòfà kan nọ́ọ̀tì yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: bí òòfà bá fà á, irin ni, ì báà tilẹ̀ pupa bí idẹ, nítorí nọ́ọ̀tì irin tí wọ́n fi bàbà bò wà lọ́jà. Èmi kò dán èyí wò. Mo rí àwọ̀ pupa, mo gbà pé idẹ ni, mo ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, mo sì gbé gbogbo ara lé e. Ìró kékeré kan ni mo gbọ́, sitọ́ọ̀dù sì dá mọ́ inú mánífóòdù.

Àṣìṣe kejì ló wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ki dírílì bọ̀ ọ́, ọwọ́ kò tọ́, ojú kò tó o, ẹnu dírílì yọ̀ kúrò lórí sitọ́ọ̀dù líle náà, ó sì gba inú ara mánífóòdù lọ, nítorí irin dídà rọ̀ jù ú lọ. Kò sí ẹni tó lè tún ihò yẹn ṣe lówó pọ́ọ́kú mọ́.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kọ́kọ́ wá àyè, kí n tó wá agbára. Ẹ tú ojú bátìrì, ẹ dí ẹnu róbà epo dáadáa, kí ẹ sì yọ kàbúrétọ̀ méjèèjì pẹ̀lú páànù tó ń dènà ooru. Wákàtí kan péré ni iṣẹ́ yìí gbà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé nọ́ọ̀tì tí ẹ ti ń fọwọ́ wá lókùnkùn láti ìsàlẹ̀ ti hàn kedere láti òkè. Ẹ fín epo tí ń wọnú ìpẹtà sí i ní alẹ́ méjì léra. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò, kí ẹ má lo onígun méjìlá, torí pé ìyẹn máa ń bó etí nọ́ọ̀tì. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá gígùn tó ní oríkèé, kí ẹ sì fi téèpù yí oríkèé náà kí ó má baà máa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ fún un le sí i, díẹ̀ báyìí, kí ìpẹtà lè já, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú u. Bí ó bá yí ní ìdajì, ẹ dá a padà, ẹ fín epo sí i, kí ẹ tún yí i.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tú mánífóòdù fúnra rẹ̀ kúrò lára orí ẹ́ńjìnì, ẹ tú ohun tó gbé páìpù ró lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì gbé méjèèjì jáde pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sá fún èyí bí iṣẹ́ àṣejù. Ní tèmi, n kì í sá fún un mọ́ báyìí. Nígbà tí ó bá wà lórí tábìlì, tí fáìsì dì í mú, tí ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ lè fi iná yan nọ́ọ̀tì irin títí tí yóò fi pọ́n, ẹ sì lè fi ṣísùù là á láìṣe sitọ́ọ̀dù léṣe. Idẹ ni kí ẹ má yan pọ́n, torí pé yóò rọ̀. Bí sitọ́ọ̀dù bá sì dá, dírílì á lè dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe tan iná kankan nínú ọkọ̀ tí epo bẹntiróòlù ti kán sí.

Nígbà ìdèpadà, sitọ́ọ̀dù tuntun àti nọ́ọ̀tì idẹ gígùn tuntun ni kí ẹ rà, tíréèdì UNF ni, ìyẹn eyín wẹ́wẹ́ oní-ínṣì, kì í ṣe ti mìlímítà. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí sitọ́ọ̀dù rẹ̀ láti orí dé ìdí. Èyí tó bá há lórí tábìlì, yóò há jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi gírísì oníbàbà pa á. Ẹ so páìpù mọ́ mánífóòdù pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ dè é níwọ̀nba agbára ìka, kí ẹ wá gbé e mọ́ orí ẹ́ńjìnì. Ti orí ẹ́ńjìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ dè dópin, ní nǹkan bíi 20 Nm (ìwọ̀n agbára ìyí). Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ní yíyí wọn kiri díẹ̀díẹ̀. Ìdè abẹ́ ọkọ̀ ni kí ó kẹ́yìn, kí páìpù lè fúnra rẹ̀ wá ipò tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá ti abẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò fi sitọ́ọ̀dù fa páìpù wíwúwo yẹn lójoojúmọ́. Fún nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ kò dé, mo máa ń fi bébà kékeré kan há a sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó má baà já bọ́, mo sì ní sípánà kan tí mo gé ìdajì rẹ̀ tí mo sì fi iná tẹ̀, nítorí ẹyọ ẹ̀yìn yẹn nìkan.

Ẹ tún ṣàkíyèsí wọ́ṣà nínípọn tó wà lára orí ẹ́ńjìnì, nítorí òun ni ó tẹ mánífóòdù afẹ́fẹ́ àti ti èéfín mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí etí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, wọ́ṣà á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó fẹ́lẹ́ á sì máa jò, bó ti wù kí ẹ dè é tó. Mánífóòdù àlòkù tí mo rà ṣe èyí sí mi, àfi ìgbà tí mo wọn etí méjèèjì, tí mo sì fi fáìlì fá ara wọ́ṣà kí ó tó dọ́gba.

Ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè. Ẹ ó rí i pé wọ́n á tún yí díẹ̀. Ẹ tún padà sí i lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún máìlì. Bí ẹ bá ń gbọ́ tìkì-tìkì-tìkì ní àárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù, tí ìró náà sì ń pòórá bí ó ti ń gbóná, ẹnu ìsopọ̀ yẹn ló ń jò, ẹnu ti ẹ̀yìn sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.